Àwọn Tó Bá Mi Bẹ̀bẹ̀ Físà ní Ṣáínà

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò ní ìlú kékeré kan ní gúúsù Ṣáínà. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá náà: ọ̀dọ́mọbìnrin ọlọ́pàá kan tó wọ awò ojú, tó jókòó sẹ́yìn tábìlì, fọ́máànù ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, màmá tó ń se oúnjẹ fún wa níbẹ̀, bàbá tó ń ṣọ́ géètì, Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n tó ń ṣe ògbufọ̀ fún mi, àti èmi. Àwọn tó bá mi wá wà lórí ìdúró. Èmi wà nílẹ̀. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan sìmẹ́ǹtì.

Ọlọ́pàá náà dìde. Ó na ọrùn láti ẹ̀yìn tábìlì, ó wò mí bí ẹni ń wo inú kànga. Ó pariwo nǹkan kan, ọlọ́pàá mìíràn sì sáré gbé ife omi wọlé láti yàrá kejì.

"Ó ní ṣé àìsàn ni?" Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n bi mí.

"Ẹ sọ fún un pé mò ń kí i ni."

Ó sọ fún un. Ọlọ́pàá náà jókòó, ó wo àwọn mẹ́rin tó dúró, ó wo abọ́ ọsàn tí màmá alásè gbé síwájú rẹ̀, ó sì fi ìka kan ti abọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni pé ó gbóná. Ó wá bi Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n ní ìbéèrè kúkúrú kan.

"Ó ní, kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Físà mi ló fẹ́ẹ́ parí. Mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, tó ò bá ṣe nǹkan, kí ló dé tí èèyàn mẹ́rin wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ?"

"Ẹ ní a ń bẹ̀ ẹ́ kó lè ṣe é."

"Kó ṣe kí ni?"

"Iṣẹ́ rẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n yí sí mi. Ó ní, "Ìyẹn ò ṣeé túmọ̀."

Ọlọ́pàá náà fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ. Ó mú fáìlì tuntun kan jáde, ó kọ nǹkan sí iwájú rẹ̀, ó ju pásípọ́ọ̀tù mi sínú rẹ̀, ó sì ti dúrọ́ọ̀ pa. Ní ìlú wa, tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gba ìwé ẹni tó sì tì í mọ́ dúrọ́ọ̀, inú ẹni a máa dùn, nítorí ẹ̀bẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Mo dìde, mo gbọn eruku àyà mi, mo dúpẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọpẹ́ yẹn pàápàá, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tó kọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé iwájú rẹ̀.

*

Abọ́ tánganran ni a ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà. Ará Ṣáínà ló ni ín. Èmi wà ní ìdí ẹ̀rọ tó ń tẹ páànù di abọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, Agége ni mò ń gbé. Mo ti bímọ kí n tó lọ sílé-ẹ̀kọ́ alẹ́, ibẹ̀ ni mo ti mọ ìwé kà. Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí n máa fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ̀n-ọ́n kì í dà á sílẹ̀.

Ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀, sì ti wọlé. Wọ́n ní ká fún ìgbànú mọ́kùn. A fún un. Wọ́n ní ká tún fún un sí i, àwa tí a sì ti ta ìgbànú ń wo ara wa. Páànù tí a fi ń ṣe abọ́ wọ́n gógó, àwọn tó ń ra abọ́ kò sí mọ́. Níparí oṣù, wọ́n á pe àwọn kan sí ọ́fíìsì, a kò ní í rí wọn mọ́ lóṣù kejì. Ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti kógbá sílé. Aṣọ táwọn èèyàn sá sára géètì rẹ̀ ló ń dá dúró níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pe gbogbo àwa tó wà ní ìdí ẹ̀rọ. Ó ní òun fẹ́ẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun, pé ọ̀kan nínú wa yóò lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ní Ṣáínà. Ó ní tí ẹni náà bá mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la ó jọ máa ṣiṣẹ́ lọ. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, òun á kó àwọn tó mọ̀ ọ́n wá láti ìlú òun, kí àwa máa lọ sílé. Ó nawọ́ sí mi. Ó ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ní Ìkẹjà, kò lè fi ọ̀rọ̀ dá wàhálà sílẹ̀ níbi tí kò ti gbédè.

Àdùkẹ́ ìyàwó mi ti kú nígbà náà. Sìkírátù, àbíkẹ́yìn mi, nìkan ló kù sílé. Mo fà á lé àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì lọ.

*

Ẹni tó wá pàdé mi ní Ṣáínà ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n. Ó dúró ní géètì ilé-iṣẹ́, ó na ọwọ́ sí mi, ó sì fi Yorùbá sọ pé, "Káàbọ̀. O pẹ́!"

Ó ti ṣe fọ́máànù rí ní Ìkẹjà, nígbà tí owó epo ṣì ń ṣe wá bí ọtí. Àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ wa ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá Kíá ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ló ti kọ́ Yorùbá, ohun tó sì ń sọ fún òṣìṣẹ́ náà ló mọ̀: kíá, ọ̀lẹ, ó tó, kò tíì tó, padà síṣẹ́, wàhálà ò sí. Kò mọ "ẹ". "O" ni fún gbogbo ayé. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ "O pẹ́" yẹn, omi lé sí mi lójú. Èmi tí mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yẹn láti bí ogún ọdún.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni iná. Kì í lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fún mi ní yàrá, mo rí áyọ́ọ̀nù kan ní igun. Mo sáré fi lọ gbogbo aṣọ mi kí wọ́n tó mú iná. Wọn kò mú un. Lọ́jọ́ kejì mo lọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ ìbọ̀sẹ̀, mo lọ aṣọ ìnura. Nígbà tí n kò rí ohun tí màá lọ̀ mọ́, mo jókòó, mo ń wo gílóòbù. Ó ń wo èmi náà.

Èkejì ni oúnjẹ. Mùsùlùmí ni mí, ẹlẹ́dẹ̀ ló sì wà nínú gbogbo ọbẹ̀ wọn. Mo yí orí. Màmá alásè rò pé inú ló ń rùn mí, ó fún mi ní omi gbígbóná. Mo tún yí orí lọ́jọ́ kejì, ó tún fún mi ní omi gbígbóná. Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n ló wá là á yé e. Láti ọjọ́ náà, ẹyin ló ń dín fún mi, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Á dúró tì mí títí màá fi jẹ ẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó dúró ti oúnjẹ mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Àdùkẹ́ ti kú.

Ẹ̀rọ tí mo wá kọ́ ńkọ́? Egungun rẹ̀ ni mo bá nílẹ̀. Wọn kò tíì tò ó. Mo ń gbálẹ̀, mo ń fi òróró nu irin, mo ń retí. Ìgbà tí wọ́n máa fi tò ó tán tó sì dìde dúró, físà tí wọ́n fún mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀.

Níbẹ̀, wọn kì í bi èèyàn pé ọmọ ta ni. Wọ́n á bi í pé ilé-iṣẹ́ wo ló ni ín. Ilé-iṣẹ́ ló ń fún un ní yàrá, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló sì ń gbà fún un kó tó gbéyàwó. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bí ẹrú. Nígbà tó yá, mo rò ó wò. Mo ti gbé Agége títí, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń pè mí ní ará òkè. Tí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún Iléyá, wọ́n á ní, "Ará Èkó ti dé." Ní Ṣáínà, ọmọ kékeré á nawọ́ sí mi lọ́nà, á ní, "Ti ilé-iṣẹ́ abọ́!" Òótọ́ sì ló sọ. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ ilé mi lẹ́ẹ̀kan náà.

*

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti máa ń pe ilé. Àlájà kan tó ní tẹlifóònù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agége ni à ń pè, Sìkírátù á sì ti máa dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá fi àdéhùn sí. Ìdajì ọ̀rọ̀ wa, ìkíni ni.

"Bàbá mi, ẹ kú àárọ̀ o! Àbí alẹ́ ni lọ́dọ̀ yín?"

"Ìrọ̀lẹ́ ni."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú àjò. Ẹ kú òtútù. Kí lẹ ń jẹ?"

"Ẹyin."

"Lójoojúmọ́? Ẹ̀yin nìkan lẹ wá ń jayé! Ṣé wọ́n ń mú iná wá?"

"Kì í lọ."

Ó ní, "Bàbá, ẹ ti ń purọ́ báyìí?"

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Làmídì bá a wá. Ọmọ iṣẹ́ wa ni, ìdí ẹ̀rọ kan náà la wà. Ó já fóònù gbà.

"Ẹ̀gbọ́n! Ọ̀gá tún sọ ọ́ lánàá o. Ó ní tẹ́ ẹ bá fi lè padà láìmọ ẹ̀rọ yẹn, kí kálukú wábi gbà. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà o."

"Físà mi máa parí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ ní kí wọ́n fi kún un."

"Mò ń lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọ́fíìsì ọlọ́pàá ni."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi nìkan."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin nìkan? Ṣé ẹ ti di ará Ṣáínà ni? Ta ló ń dá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba? Ẹ wá àgbà! Ẹ wá ẹni táá báa yín bẹ̀ wọ́n! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ ò léèyàn..."

Ibẹ̀ ni fóònù já.

Mo rìn padà sí ilé-iṣẹ́, mo sì rí i pé òótọ́ ni Làmídì sọ. Nígbà tí a fẹ́ kí wọ́n fa omi dé àdúgbò wa, a ti san owó, síbẹ̀ bọ́ọ̀sì kan gbáko la kó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá láti bẹ ẹni tó gba owó náà. A mú lèmọ́mù dání, a mú pásítọ̀ dání, a mú aboyún kan tí kò mọ nǹkan kan nípa omi. A ń bẹ elépo kó ta epo fún wa. A ń bẹ ọ̀gá iléèwé kó gba ọmọ tó yege. Tí sójà bá dá wa dúró, a kọ́kọ́ ń bẹ̀ ẹ́ ná, ìgbà tó bá ti nà wá tán la ó bèèrè ohun tí a ṣe.

Nígbà tí Àdùkẹ́ ń ṣàìsàn, mo kó gbogbo ilé wa lọ bẹ àwọn ará ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ mi. Wọ́n ṣe mí dáadáa. Kò sí oògùn.

*

Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ tàn ni.

"Ẹ̀bẹ̀! Ẹ̀bẹ̀ Ìkẹjà!" Ó gbá tábìlì. "Mo mọ̀ ọ́n! Mo lé ọ̀lẹ kan lọ. Sọ́ńdè, bàbá rẹ̀ wá. Lèmọ́mù wá. Láńlọ́ọ̀dù wá. Ìyàwó rẹ̀ wá, ó sunkún, ọmọ sunkún, èmi náà sunkún. Mọ́ńdè, ọ̀lẹ padà síṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ Ìkẹjà lágbára ju ẹ̀rọ lọ. Wàhálà ò sí. A máa bẹ̀ wọ́n."

Òun ló kó àwọn yòókù jọ. Màmá alásè wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó sì di ọsàn sínú abọ́, ó ní ọwọ́ òfìfo kò dáa. Bàbá géètì fá irùngbọ̀n. Fọ́máànù nìkan ló bi Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n lẹ́ẹ̀mejì pé, "Kí ló ṣe gan-an?" Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n ní kó fọkàn balẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí mo ti wá nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé iwájú ọlọ́pàá náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, tí mo sì sùn sílẹ̀.

*

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ọlọ́pàá náà gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé-iṣẹ́ wa, fáìlì wà lápò kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó jókòó ní yàrá ìjẹun, ó ń pe àwọn tó bá mi bẹ̀bẹ̀ wọlé níkọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń wá ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èèyàn mẹ́rin kò lè ṣàdédé wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n ń sọ ohun tí oníkálukú wí fún mi. Màmá alásè ní èmi kì í jẹ ẹran wọn, mo sì máa ń fọ ẹsẹ̀ mi nídìí ẹ̀rọ omi nígbà púpọ̀ lójúmọ́. Ọlọ́pàá bi í pé kí ni mo tẹ̀ tí mo fi ń fọ ẹsẹ̀. Bàbá géètì ní mo máa ń kí òun nígbà tí mo bá ń jáde, mo máa ń kí òun nígbà tí mo bá ń wọlé, mo tún máa ń bi òun léèrè ọmọ àti ìyàwó. Ọlọ́pàá ní kí ni mo fẹ́ mọ̀ nípa ìyàwó rẹ̀. Fọ́máànù ní mo máa ń dé ibi iṣẹ́ kí agogo tó lù. Ọlọ́pàá ní kí ni mo ń ṣe níbẹ̀ kí àwọn èèyàn tó dé.

Gbogbo ìwà tí bàbá mi fi ẹgba kọ́ mi ló wọ inú fáìlì náà.

Nígbà tó fi di ọ̀sán, wọ́n ti yàgò fún mi nídìí ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó kórìíra mi. Wọ́n kàn ń dúró kí ẹ̀ṣẹ̀ náà jáde ni. Màmá alásè gbé ẹyin wá, ó sì ń sunkún. Ó sọ̀rọ̀ gígùn kan. Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n ohun tó wí.

"Ó ní ká ní o ṣe nǹkan kékeré ni, ì bá ti tán."

*

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ni ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè mí. Físà mi yóò parí lọ́jọ́ kejì. Tó bá parí tí pásípọ́ọ̀tù sì wà nínú dúrọ́ọ̀, mo ti di arúfin nìyẹn, wọn yóò sì dá mi padà. Lọ́kàn mi, mo ń wo ojú Làmídì àti ti ọmọ tuntun tí n kò tíì rí.

Obìnrin náà kò bínú. Ó dà bí ẹni tí kò sùn dáadáa. Ó gbé fáìlì síwájú, ó là á yé Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n, òun náà sì là á yé mi. Ó ní òun ti wá ẹ̀ṣẹ̀ mi títí, òun kò rí i. Ṣùgbọ́n fáìlì tí a bá ti ṣí, a kò gbọ́dọ̀ pa á dé lófìfo. Ọ̀gá òun yóò bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn ni pé ẹni tó ṣẹ̀ á jókòó, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á sọ ohun tó mú un ṣe é, á sì ṣèlérí pé òun kò ní í ṣe é mọ́. Tí mo bá kọ ọ́, tí ẹ̀ṣẹ̀ náà kò bá le jù, fáìlì á pa dé, òun á sì wo ọ̀rọ̀ físà.

Wọ́n fún mi ní bébà àti gègé, wọ́n fi èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì.

"Kọ ọ́ kíá," ó ní.

"Kí n kọ kí ni?"

"Kọ pé o jalè. Díẹ̀."

"Wọ́n á tì mí mọ́lé."

"Kọ pé o lu èèyàn."

"Ta ni mo lù?"

Ó ronú. "Èmi. Kọ pé o lù mí. Mo ti dárí jì ẹ́."

"Bàbá, mi ò lè lu àgbà, kódà nínú bébà."

"Kọ pé o mu ọtí nígbà náà!"

"Mùsùlùmí ni mí."

Ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ọmọ Yorùbá, ìwà rẹ ti pọ̀ jù. Ó tó!"

Mo ń wo bébà náà. Mo ti dàgbà kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú gègé. Ohun àkọ́kọ́ tí tíṣà kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni orúkọ ara wa. Kò wù mí kí n fi orúkọ náà sábẹ́ irọ́. Mo bá bi ara mi bóyá lóòótọ́ ni n kò ṣẹ̀. Mo rántí bí mo ṣe wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí kò sẹ́ni tó ní kí n dọ̀bálẹ̀. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ní Yorùbá, nítorí n kò mọ òmíràn tí mo lè fi jẹ́wọ́.

Nígbà tí mo parí, Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n kò lè kà á. Mo ń kà á sókè, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Èmi òṣìṣẹ́ abọ́ láti Agége ṣẹ̀. Mo kó àgbà wá bẹ ìjọba pé kó ṣe ohun tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí mo ti wá ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tó bá dúró ṣánṣán bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n á ní agbéraga ni. Nítorí náà a ti mọ́ ọn lára láti wólẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tì wá. Mo fi ọsàn kún un. N kò ní í ṣe é mọ́. Tí mo bá tún fẹ́ nǹkan, màá dúró, màá sì bèèrè."

Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n kò sọ pé ibì kankan kò ṣeé túmọ̀. Nígbà tó dé ibi ọsàn, ohùn rẹ̀ rọ.

Ọlọ́pàá náà bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó bi nǹkan kan.

"Ó ní ṣé àwọn tó ń dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí pọ̀ níbẹ̀?"

"Gbogbo wa ni."

"Ìjọba yín ńkọ́? Kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Wọ́n máa ń gbà á."

Ó kọ ìyẹn náà. Ó pa fáìlì dé, ó sì wí pé ohun tí òun nílò fún físà kò ju ìwé kan láti ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́rìí mi, àti fọ́tò. Fọ́máànù wà níta. Wọ́n pè é. Ó fa ìwé náà yọ lápò. Ó ní láti ọjọ́ Mọ́ńdè ló ti wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi òun.

Mo gbọ́ nígbà tí òǹtẹ̀ náà balẹ̀. Ó dún gbì, bí ìgbà tí ẹ̀rọ wa bá tẹ páànù. Wọ́n yí físà mi padà sí ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, wọ́n sì fún mi ní àkókò tó pọ̀ ju èyí tí mo fẹ́ bèèrè lọ. Obìnrin náà tún fa dúrọ́ọ̀ mìíràn yọ, ó gbé abọ́ ọsàn jáde fún wa. Ọsàn ti hunjọ. Wọ́n so bébà pélébé mọ́ ọn, wọ́n kọ nǹkan sí i. Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́n kà á fún mi: "Ẹ̀rí."

Nírọ̀lẹ́, mo pe Agége. Kì í ṣe ọjọ́ àdéhùn wa, Àlájà nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kó sọ fún Sìkírátù àti Làmídì pé wọ́n ti fi kún un.

"Alihamudulilai! Àwọn àgbà ibẹ̀ mà ṣe é o! Ta lẹ kó lọ?"

Mo ní, "Wọ́n ní kí n máa dá wá."

"Wọ́n ní kí ni? Irú ìlú wo nìyẹn?"

Mo kí i, mo gbé fóònù sílẹ̀.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun, mo wọ dàńṣíkí tí mo ti lọ̀ láti ìgbà tí mo dé. Ìkóríta ọ́fíìsì ọlọ́pàá ni mo bá ara mi. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tí a bá sì ṣe lóore lánàá, ó gbọ́dọ̀ jí lọ kí olóore rẹ̀ láàárọ̀ òní. Èmi kò sun oore kankan mọ́jú rí láìdúpẹ́.

Mo dúró sábẹ́ igi ní òdìkejì ọ̀nà. Mo rò ó pé tí mo bá wọlé lọ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, fáìlì mìíràn lè ṣí.

Obìnrin náà yọ lórí kẹ̀kẹ́. Ó rí mi, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ó wò mí. Ó wo ẹ̀yìn mi lọ́tùn-ún àti lósì, bóyá mo kó àgbà dání. Kò sí ẹnì kankan. Ìbàdí mi ń yún mi láti tẹ̀. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo dúró ṣánṣán, mo mi orí lẹ́ẹ̀kan. Òun náà mi orí, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé.

Mo yí padà. Mo bọ́ dàńṣíkí, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo sì tan ẹ̀rọ kí agogo tó lù. Abọ́ àkọ́kọ́ tó jáde wọ́. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ki páànù mìíràn bọ inú ẹ̀rọ.